Bí mo ṣe fi àwọsánmà Ṣábẹ dán mọ́dẹ́ẹ̀lì ojú ọjọ́ wò

Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Ṣábẹ, ta ni kò mọ àwọsánmà òwúrọ̀ oṣù Keje? Ilẹ̀ á mọ́, a ò ní rí oòrùn. Ó di ọwọ́ ọ̀sán kó tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí òwú tí wọ́n gbọ̀n. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá WRF, mọ́dẹ́ẹ̀lì tí mo ń lò, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ojú ọjọ́, ń rí fífọ́ yẹn.

Dẹ́tà DACCIWA ni mo lò, iṣẹ́ ìwádìí lórí àwọsánmà àti afẹ́fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje 2016, wọ́n to irinṣẹ́ sí Kumasi ní Gánà, Ṣábẹ ní Bẹ̀nẹ̀, àti Ilé-Ifẹ̀. Mo mú Ṣábẹ nítorí ceilometer ibẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ta iná lésà sókè láti mọ bí ìdí àwọsánmà ṣe ga sí.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú òwúrọ̀ tí mo fẹ́ wò ni mo ti jẹ́ kí mọ́dẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ tútù tó ń ti òkun wọlé nírọ̀lẹ́ wà lára ohun tó ń bí àwọsánmà yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é, pẹ̀lú ọ̀nà méjì tí WRF lè gbà ṣírò bí afẹ́fẹ́ ìtòsí ilẹ̀ ṣe ń pò pọ̀: YSU lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà MYNN. Ẹ rántí pé UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni WRF ń kà; Bẹ̀nẹ̀ fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀.

Ceilometer ń wo ojú kan ṣoṣo lókè, àmọ́ àpótí àpótí ni mọ́dẹ́ẹ̀lì pín ojú ọ̀run sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan tèmi sì fẹ̀ tó kìlómítà 3. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú 10 ni àwọsánmà á fi gba àpótí kan kọjá. Nítorí náà, ìṣẹ́jú 10 ni mo fi ń ka ceilometer.

Ìpíndọ́gba ìtànṣán oòrùn inú mọ́dẹ́ẹ̀lì àti ti Ṣábẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ẹ má gbà á gbọ́! Àwọsánmà inú mọ́dẹ́ẹ̀lì kò tó nǹkan, àmọ́ èyí tó wà ki jù. Àṣìṣe kan ń bo èkejì mọ́lẹ̀. Ìdí àwọsánmà ni mo yíjú sí. Bí ooru bá jẹ́ 27°C, tí ìrì sì ń sẹ̀ ní 23°C, 4 ló wà láàárín wọn. Ẹ fi 125 sọ ọ́ di púpọ̀, torí nǹkan bíi mítà 125 ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń fi kún gíga ìdí àwọsánmà; mítà 500 nìyẹn. Bí ìdí àwọsánmà bá wà níbẹ̀, ilẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Bí ó bá jìnnà sí i, ooru ilẹ̀ kò tíì kàn án lára.

YSU tú àwọsánmà ká láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ti Ṣábẹ ṣì nà bọ ojú ọ̀run. MYNN dì í mú pẹ́ díẹ̀. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo nìyí o, mi ò fi dá YSU lẹ́jọ́. Lọ́sàn-án, àwọn méjèèjì fi ìdí àwọsánmà sí ìsàlẹ̀ jù. Mo fura sí omi inú ilẹ̀. Nígbà tí mo dín in kù, ìdí náà gòkè wá sí tòsí ibi tí ceilometer fi í sí.