Àṣìṣe tí à ń ṣe lórí omi, ṣalángá àti pàǹtí nílùú olókè

Ẹni tó bá ń gbé Ìdànrè, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ìgbàjọ, Ìmẹ̀sí-Ilé tàbí Ìgbẹ́tì kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe òkè fún un. Síbẹ̀, bí a ṣe ń kọ́lé, bí a ṣe ń gbẹ́ kànga, bí a sì ṣe ń da ilẹ̀ nù láwọn ìlú wọ̀nyí, àfi bí ẹni pé Ìkòròdú la wà. Ilẹ̀ iyanrìn kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ àpáta. Iyanrìn a máa sẹ́ omi. Àpáta kì í sẹ́ nǹkan kan. Ohun tó bá bọ́ sí pàlàpálá rẹ̀ lókè, bó ṣe wà náà ni yóò ṣe jáde nísàlẹ̀.

"Omi àpáta ni, ó mọ́ gaara." Gbólóhùn yìí ti kó ọ̀pọ̀ ìdílé sí wàhálà. Omi tó ń sun láti inú àpáta lè mọ́ lójú, kó tutù lọ́fun, kó má sì ní òórùn kankan, kí kòkòrò onígbáméjì ṣì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2021 nìkan, àwọn tí wọ́n fura sí pé onígbáméjì kọlù ní Nàìjíríà lé ní 100,000, àwọn tó sì bá a lọ lé ní 3,500. Álọ́ọ̀mù tí à ń jù sínú omi kì í pa kòkòrò, ẹrẹ̀ ló ń fà sílẹ̀. Tí omi bá rú, ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e kaná. Tó bá ti hó yaya, ẹ jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú kan sí i bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ibo ni kòkòrò náà ti wọnú omi àpáta? Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣalángá ẹni tó wà lókè ni. Àwọn onílé mọ̀ pé ó yẹ kí ṣalángá jìnnà sí kànga. Ìlànà Sphere, èyí táwọn àjọ aṣèrànwọ́ káàkiri ayé ń tẹ̀ lé, ní kó tó mítà 30, kí ìdí ṣalángá sì fi mítà kan ààbọ̀ ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn náà ló sọ pé bí ilẹ̀ bá jẹ́ àpáta tó sán, kí àlàfo náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ la kì í kà dé. Onílé á fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé dé ẹnu kànga, inú rẹ̀ á dùn pé ó jìnnà tó. Kò ní gbójú sókè wo ilé aládùúgbò tó wà lórí ìdagẹ̀rẹ́, tí ìdí ṣalángá rẹ̀ ga ju òrùlé tòun lọ. Kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ẹ dúró síta lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tí omi ń gbà.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ká fi dandan gbẹ́ ibi tí kò ṣeé gbẹ́. Àwọn agbẹ́lẹ̀ á gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, wọ́n á kan àpáta. Wọ́n á dáná táyà lé e lórí kó lè sán, wọ́n á fi òòlù fọ́ ọ, wọ́n á tún dáná. Ẹni tó bá fi iná sán àpáta nítorí ṣalángá ti fọwọ́ ara rẹ̀ la ọ̀nà fún ìgbọ̀nsẹ̀ dé inú kànga, tiẹ̀ tàbí ti ẹlòmíì.

Ilẹ̀ tí kò bá ṣeé gbẹ́, ẹ kọ́ ṣalángá sókè rẹ̀. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù mọ ihò méjì sórí ilẹ̀, ẹ rẹ́ inú rẹ̀ ní sìmẹ́ǹtì dáadáa, kẹ́ ẹ ṣe àtẹ̀gùn díẹ̀ gun orí rẹ̀. Ẹ máa lo ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa da eérú lé e nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá lò ó. Bó bá kún, ẹ dí i pa, kẹ́ ẹ bọ́ sí èkejì. Nínú ooru ilẹ̀ tiwa, kí èyí tẹ́ ẹ dí lò ju ọdún kan lọ kẹ́ ẹ tó kó ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń ṣàròyé pé àwọn ò lè máa gun àtẹ̀gùn lọ ṣe gáá. Nílẹ̀ tí à ń sanwó gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè tó lé ní 600 fún ìgbádùn!

Sókàwéè lórí àpáta kò yàtọ̀. Omi ò ríbi wọlẹ̀, nígbà tó bá ṣe díẹ̀ ó ti kún dẹ́nu. Àwọn onílé kan wá ní ọgbọ́n burúkú kan: tí òjò ńlá bá ṣú lóru, wọ́n á ṣí ìdérí rẹ̀ kí àgbàrá lè bá wọn gbé e lọ. Lọ síbo? Nígbà ayé àwọn wolé-wolé tó ń ṣí àmù wo tanwíjí, onílé bẹ́ẹ̀ á kàwọ́ pọ̀nyìn rojọ́ ni. Tánkì tí kò jò, àti owó ọkọ̀ tí yóò wá fà á tó bá kún, ẹ ti kà á mọ́ owó ilé kíkọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Pàǹtí ńkọ́? Òjò á bẹ̀rẹ̀, ìyá á ki garawa ìdọ̀tí bọ ọmọ lọ́wọ́: "Sáré, lọ dà á sí àgbàrá kí òjò tó dá." Bí ọmọ náà bá fi máa padà wọlé, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará ìsàlẹ̀. Ìbàdàn mọ ibi tí èyí ń já sí. Àgbàrá láti orí àwọn òkè ìlú náà ń wọ Ògùnpa; lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò náà kún àkúnya, ó gbé èèyàn, ó gbé ilé. Òjò ọjọ́ náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí tó dí ojú odò àti ilé tí wọ́n kọ́ sí ipa rẹ̀ ló sọ ọ́ di omíyalé. Ìlú náà tún rí irú rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ohun tó bá ń jẹrà, ẹ kó o fún ewúrẹ́ tàbí kẹ́ ẹ bò ó mọ́lẹ̀ lóko. Ike àti irin, àwọn oníkòńdẹ̀mù ń rà á. Èyí tó kù ni kẹ́ ẹ kó fún akólẹ̀kódọ̀tí, ẹ má sì ṣe dá àkìtàn sí bèbè òkè nítorí pé ẹ ò ní í rí i níbẹ̀ mọ́.

Lórí bọhóòlù, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. "Ẹ gbẹ́ ẹ sí i, omi ń bẹ nísàlẹ̀" kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́ lórí àpáta. Inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta, àti ojú ibi tí àpáta ti sán, ni omi máa ń wà. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ lè gbẹ́ títí kó má rí ju eruku lọ. Ẹ pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó pe ẹlẹ́rọ, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹni tí yóò ru gbèsè bí ihò náà bá gbẹ.

Omi òjò la wá ń fi ṣòfò. Mìlímítà òjò kan lórí páànù tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti lóòró jẹ́ lítà omi kan. Ilé tó gùn ní mítà mẹ́wàá, tó fẹ̀ ní mẹ́jọ, tí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ sí, ó yẹ kó gbe kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tó àádọ́ta, ká tiẹ̀ yọ èyí tó ta dànù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbe àkọ́rọ̀ òjò, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù.

Ẹ̀yin púlọ́ḿbà ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Tẹ́ ẹ bá gbé tánkì sórí òkè, tẹ́ ẹ sì na páìpù kan ṣoṣo wá sílé tó fi mítà 60 rẹlẹ̀ sí i, agbára tí omi yóò fi máa ti páìpù nísàlẹ̀ á tó báà mẹ́fà (báà ni òṣùwọ̀n tí à fi ń mọ agbára tí omi fi ń ti nǹkan), nítorí mítà mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bíi báà kan kún un. Ẹnu ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ò lè gbà á. Ẹ gbé tánkì kékeré sí agbedeméjì, kẹ́ ẹ fi fúlóòtì sí i, kí omi sinmi níbẹ̀ kó tó máa bọ̀. Níbi tí wọn ò ti ṣe é, ẹ ó rí páìpù tó ti bẹ́, tí wọ́n fi rọ́bà tíúbù ọ̀kadà wé wìtìwìtì, tó nà gbọọrọ nínú gọ́tà, tí omi dúdú bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí omi bá ń bọ̀, ó ń tu síta. Nígbà tí tánkì bá gbẹ, tí ẹni ìsàlẹ̀ sì ṣí ẹ̀rọ, páìpù náà á fa omi gọ́tà mu. Garawa àkọ́kọ́ tó máa ń dúdú lọ́jọ́ tí omi bá padà dé, ẹ ò gbọdọ̀ sọ pé páìpù ló dógùn-ún. Páìpù ike kì í dógùn-ún. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gọ́tà, ẹ gbé e gba ara ògiri. Títí tẹ́ ẹ ó fi ṣe é, ẹ má fi garawa àkọ́kọ́ yẹn se nǹkan jíjẹ.