Bí A Ṣe Ń Yan Ìṣòro Tó Yẹ fún Iṣẹ́ Ìwádìí

Lójú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún àṣekágbá, yálà ní LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà nílùú Ọ̀yọ́, àkọlé ni iṣẹ́ ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn a lọ tú púrójẹ́ẹ̀tì àwọn tó ti jáde ní ilé-ìkàwé, wọn a mú èyí tó wù wọ́n, wọn a yọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kan kúrò níbẹ̀, wọn a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí alábòójútó bá wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá gan-an, ẹnu á wọhò, nítorí pé kò sí ìbéèrè kankan nínú ohun tí wọ́n gbé wá. Ìṣòro ìwádìí jẹ́ ohun kan tí a kò tíì mọ̀, tí àìmọ̀ rẹ̀ ń ṣe ẹnì kan ní jàǹbá tàbí tó ń dí ìmọ̀ lọ́wọ́, tí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ wádìí rẹ̀ sì lè tó ìdáhùn rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò tíì di ìṣòro ìwádìí. Gaàrí yíyan ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìgbésẹ̀ kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ èdè, ìṣirò owó tàbí ìtọ́jú aláìsàn yóò tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wo ohun tó wà níwájú yín, kí ẹ kọ ohun tí kò yé yín sílẹ̀

Ẹni tó bá dé ibùdó gaàrí kan lọ́nà Ajáàwà láàárọ̀ yóò rí àwọn ìyá tó jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, ọ̀bẹ lọ́wọ́, tí èèpo ti ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ń pariwo lápá kan. Lápá kejì, jáàkì tẹ àpò mọ́lẹ̀, omi funfun tó ní òórùn kíkan ń kán jáde lára rẹ̀, ó ń ṣàn gba ilẹ̀ lọ. Ẹni tó dúró ti agbada ń fi etí aṣọ nu ojú nítorí èéfín, kò sì dáwọ́ ríro gaàrí dúró.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá farabalẹ̀ níbẹ̀ fún wákàtí kan kò ní wá ìbéèrè tì. Kí ni omi kíkan yẹn ń ṣe sí ilẹ̀ àti kànga tó wà nítòsí? Kí ni èéfín ti ṣe sí ojú àti èémí ẹni tó ti ń yan gaàrí láti ọ̀dọ́? Ta ló ń ra èèpo, kí ni ó sì ń fi í ṣe? Èé ṣe tí àwọn kan fi ń yọ ẹ̀gẹ́ wọn nínú àpò lọ́jọ́ kejì, tí àwọn mìíràn sì ń dúró di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ìbéèrè, kí ẹ má sì tíì yan ọ̀kankan. Ẹni tó bá yára yàn ní ọjọ́ kìíní sábà máa ń yan èyí tó dún dáadáa létí, kì í ṣe èyí tó ní ìdáhùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gé ìbéèrè náà kù títí yóò fi ṣeé dáhùn

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń sáré kọjá. “Ìpèníjà tí àwọn obìnrin tó ń yan gaàrí ń dojú kọ” gbòòrò débi pé ogún olùwádìí kò ní kà á tán. Ẹ bi ara yín pé ìpèníjà wo, lára àwọn wo, ní ibo, ní àsìkò wo, àti pé kí ni ẹ ó kà tàbí kí ni ẹ ó wọ̀n láti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ yóò máa ṣẹ́ kù: láti orí gbogbo obìnrin dé orí àwọn tó ní ẹ̀gẹ́ tiwọn àti àwọn tó ń ra ẹ̀gẹ́ lóko olóko; láti orí gbogbo ìpèníjà dé orí iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ ń lò nínú àpò.

Ọ̀rọ̀ ìbejì Igbó-Ọrà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí náà, jẹ́ ẹ̀kọ́ gidi nípa èyí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìbejì pọ̀ níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì ti ní ìdáhùn tiwọn: àwọn kan ní ọbẹ̀ ìlasa ni, àwọn kan ní àmàlà ni. Nígbà tí oníṣègùn P. P. S. Nylander ń ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, kò kọ́kọ́ lé ohun tó ń fà á. Ó béèrè pé nínú ìbímọ 1,000, mélòó ló jẹ́ ìbejì? Iye tó rí lé ní 40, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́ta iye ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ nígbà náà. Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ní Ìbàdàn, nípa yíyẹ ibi ọmọ àti irú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìbejì wò, fi hàn pé àwọn tó ti inú ẹyin méjì wá ló pọ̀ lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Àwọn tó ti inú ẹyin kan wá kò ju ti ibòmíràn lọ. Títí di òní, kò tíì sí ẹ̀rí tó dúró gbọn-in pé oúnjẹ ló ń fa ìbejì. Ká ní ọ̀rọ̀ ìlasa ni ó gbá mú lọ́jọ́ kìíní, ó ṣeé ṣe kó má rí ibì kankan fi ẹsẹ̀ lé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé “èé ṣe” ni ìbéèrè yín, ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ti dáhùn “mélòó” àti “irú wo” ná.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka iṣẹ́ àwọn tó ti ṣáájú

“Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe é” jẹ́ gbólóhùn tí ó yẹ kí a gba àyè láti sọ lẹ́yìn tí a bá ti kàwé, kì í ṣe ṣáájú. Google Scholar àti African Journals Online wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè ka àkópọ̀ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má sì fojú tín-ín-rín púrójẹ́ẹ̀tì inú ilé-ìkàwé yín, pàápàá orí tó kẹ́yìn, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé ti máa ń sọ ohun tí wọn kò rí ṣe.

Ẹni tó bá kàwé nípa gaàrí yóò tètè rí i pé ẹ̀gẹ́ ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní linamarin, tó lè di májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì. Pé rírin ẹ̀gẹ́ ń jẹ́ kí èròjà náà túká. Pé fífún omi rẹ̀ àti yíyan án ń lé púpọ̀ nínú májèlé náà lọ. Àti pé ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Codex kò fẹ́ kí sáyánáìdì inú gaàrí ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò kan. Yóò tún rí i pé ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò ti wọn ìyàtọ̀ sáyánáìdì tó wà láàárín ẹ̀gẹ́ tó lo ọjọ́ kan nínú àpò àti èyí tó lo ọjọ́ mẹ́ta. Ojúlé yẹn ti kún. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gẹ́ nínú àpò, wọn kì í sábà sọ ohun tó mú kí ìyá kan yọ tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ń dúró. Ìbéèrè wa wá kúrò ní yàrá àyẹ̀wò, ó bọ́ sọ́dọ̀ ènìyàn. Kò burú bí ìwé kíkà bá yí ìbéèrè padà báyìí. Mo tilẹ̀ máa ń fura sí ìbéèrè tí ìwé kíkà kò yí padà rárá.

Pé wọn kò tíì ṣe irú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan kò tó. Ó di dandan kí ẹ sọ ìdí tí Ògbómọ̀ṣọ́ fi lè yàtọ̀, bóyá nítorí ilẹ̀ rẹ̀ ni, ọjà rẹ̀ tàbí irú gaàrí tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ. Bí kò bá sí ìdí, orúkọ ìlú nìkan ni ẹ pààrọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wọn agbára yín

Ẹ ṣírò owó ọkọ̀, owó àyẹ̀wò àti àkókò tí ilé-ẹ̀kọ́ fún yín. Ẹ wo kàlẹ́ńdà oko pẹ̀lú: ẹni tó fẹ́ wádìí èso kaṣú, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i fún un ní oṣù kẹjọ, yóò dúró di nǹkan bí oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ kí ó tó rí èso pọ́n lórí igi. Bí iṣẹ́ yín bá kan ìlera ènìyàn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwà nínú ìwádìí, ìwé náà kì í sì í jáde lọ́sẹ̀ kan. Ẹ bi ara yín bákan náà bóyá àwọn tí ẹ fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn yóò lè sọ òtítọ́ fún yín láìsí ewu. Ìyá tó bá rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni yín yóò ní ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ̀gẹ́ òun ń lò nínú àpò, bí kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ dán an wò pẹ̀lú ìdáhùn méjèèjì

Ẹ fojú inú wo ìdáhùn tó ṣeé ṣe kó jáde, kí ẹ sì wo òdì rẹ̀. Ká ní owó tí wọ́n yá ni ó ń lé àwọn ìyá wọ̀nyí tí wọ́n fi ń yára yọ ẹ̀gẹ́, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yóò rí nǹkan fi ṣe. Ká ní kì í ṣe owó rárá, pé àwọn oníbàárà wọn ní Ọjà Jagun ló fẹ́ gaàrí tí kò kan, èyí náà wúlò, nítorí pé yíyá wọn lówó kò ní yí nǹkan padà. Ìbéèrè tó jẹ́ pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló lè so èso, tàbí tí gbogbo ènìyàn ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kọ ọ́ ní ìpínrọ̀ kan

Ohun tí a mọ̀ ni kí ó ṣáájú, lẹ́yìn náà ohun tí a kò mọ̀, lẹ́yìn náà ohun tí àìmọ̀ náà ń dá sílẹ̀. Ó lè lọ báyìí: “Ìwádìí ti fi hàn pé rírin, fífún àti yíyan ń dín sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ kù. Àwọn tó ń yan gaàrí ní agbègbè Ajáàwà kì í fi ẹ̀gẹ́ sínú àpò fún iye ọjọ́ kan náà, a kò sì mọ̀ bóyá gbèsè, ìfẹ́ oníbàárà tàbí àìtó jáàkì ló ń fa ìyàtọ̀ náà. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá mọ̀ ọ́n, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ṣe fún wọn lè máa kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.” Àkọlé yóò ti inú ìpínrọ̀ yìí jáde fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbé e lọ bá alábòójútó yín

Ẹ má ṣe gbé ẹyọ kan lọ; ẹ kọ méjì tàbí mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ojú ìwé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi àwọn iṣẹ́ tí ẹ kà tì í. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un gé kù, ẹ béèrè ibi tó gbòòrò sí lójú wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú wọn. Nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ déètì sí ìpínrọ̀ náà gan-an, kì í ṣe sí àkọlé nìkan, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sílé, torí pé òun ni ẹ ó máa fi yẹ gbogbo ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù yín wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sí Ajáàwà.