Ibo ni eruku yàrá yín ń gbà wọlé?

Ẹ̀yin ará Abuja, ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹni tí yàrá kan bá ń kó eruku ju ìyókù lọ nílé ẹ̀, kó má tíì jágbe mọ́ ọmọ tó gbálẹ̀. Ẹ tẹ́ bébà funfun sójú fèrèsé, sẹ́yìn ilẹ̀kùn, sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kó wà ńbẹ̀ mọ́jú, èyí tó bá dọ̀tí jù lẹ máa kọ́kọ́ bá wí. Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀ náà: tó bá pupa, títì tí wọn ò da ọ̀dà sí ni, tó bá funfun tó kúnná bíi páúdà, ọyẹ́ nìyẹn, ọ̀nà Ṣáàdì àti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, àmọ́ tó bá rí bí òwú tó ń ká jọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, rọ́ọ̀gì àti aṣọ yín ni o, kẹ́ ẹ ti fèrèsé pa títí, kò kàn án.

Tó bá jẹ́ ti ìta, ẹ paná lálẹ́, kí ẹnì kan máa tan tọ́ọ̀ṣì látìta sí etí fèrèsé àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ sí yín nínú, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dí. Fèrèsé lúfà ló burú jù, kì í pa dé tán láé. Ihò tí páìpù AC gbà wọlé náà ńkọ́? Àwọn tó ń so ó kì í sábà dí i.

Ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ lé e kiri, orí tẹlifíṣọ̀n ló máa padà bà sí, àkísà tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún.