Bí Dáínósọ̀ Bá Já Lọ́gbà n'Ílọrin, Bó Ṣe Yẹ Ká Mú Un

Tí dáínósọ̀, ẹranko ayé àtijọ́ yẹn, bá já lọ́gbà lónìí tó sì gba Tanke wọ ìgboro Ìlọrin, èrò ìwòran ló máa kọ́kọ́ kú. A mọ ara wa. Tí tírélà bá ṣubú ní Òfà Gàréèjì báyìí, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ọlọ́kadà ti gbé èèyàn méjì débẹ̀, àwọn ọmọ ti na fóònù sókè, ẹni tó ń ta búrẹ́dì náà ti yà síbẹ̀ torí èrò ti pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí ìlú ṣe lè mú ẹranko yẹn láìjẹ́ pé ẹ̀mí èèyàn bá a lọ, láti wákàtí àkọ́kọ́ títí dórí ẹyin tó bá yé sínú oko, torí ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní rántí, ibẹ̀ gan-an ló sì ti máa bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní dáínósọ̀ ti kú tán. Òótọ́ ni, ó ti tó ọdún mílíọ̀nù 66 tí wọ́n ti pòórá, ẹyẹ nìkan ló ṣẹ́kù nínú ìran wọn, DNA, ìyẹn èròjà inú ara tó ń gbé àbùdá ìran, ò sì lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀, èyí tó tíì pẹ́ jù tí àwọn onímọ̀ rí kà jẹ́ nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù méjì, ilẹ̀ Greenland ni wọ́n ti rí i. Àmọ́ kìnnìún wà, kìnnìún sì ń já. Lọ́dún 2015 ọ̀kan jáde ní ọgbà ẹranko Jos, ìbọn ni wọ́n fi pa á. Lọ́dún 2019 òmíràn bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ọgbà ẹranko Kano, ó wọ ibi tí wọ́n ń kó ewúrẹ́ sí, ó ju ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó rí i mú. Ọgbà ẹranko wà nínú Yunifásítì Ìlọrin níbí náà. Ìlú tó bá ti múra sílẹ̀ de dáínósọ̀, kìnnìún ò lè bá a lójijì.

Ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹni tó ni ọgbà kà wọ́n kó sì sọ òótọ́. Mélòó ló jáde, akọ àbí abo, irú èwo ni, kí ló ń jẹ, ìgbà wo ló jẹun gbẹ̀yìn. Lọ́dún 2015 kan náà yẹn, omíyalé ya wọ ọgbà ẹranko Tbilisi lórílẹ̀-èdè Georgia, ẹranko já sígboro, erinmi kan ń rìn láàárín títì kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ oorun yin ín. Wọ́n wá sọ fáráàlú pé kò séwu mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ táígà funfun kan tó sá pamọ́ sí ilé ìkẹ́rù pa ọkùnrin kan, olórí ìjọba wọn wá ń tọrọ àforíjì pé ìròyìn tí wọ́n fún òun ò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ni tó ni ọgbà bá ń bẹ̀rù ẹjọ́ tó wá fi ọ̀kan pamọ́ nínú ìṣirò, ẹ̀mí èèyàn ló fi ń ṣeré yẹn. Kí ìjọba tètè sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹjọ́ á dúró ná, iye wọn la fẹ́ gbọ́.

Irú ẹ̀yà tó jáde ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Velociraptor táwọn èèyàn ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ tí wọ́n ń gbọ̀n, kò ju tòlótòló ńlá lọ, ó ní ìyẹ́ lára, ọdẹ mélòó kan pẹ̀lú àwọ̀n lè mú un, èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kí wọ́n ṣọ́ra fún. Ti Tyrannosaurus rex lọ̀rọ̀ ńlá, gígùn ẹ̀ tó mítà 12, ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́jọ, àmọ́ kò lè sáré bá mọ́tò tójú ọ̀nà ẹ̀ bá dáa. Níbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórílẹ̀-èdè Niger wọ́n ti wú egungun Nigersaurus jáde, mítà mẹ́sàn-án ni, eyín ẹnu ẹ̀ lé ní 500, ewéko ló sì ń jẹ, wọ́n tún rí Suchomimus níbẹ̀, ìyẹn ní tiẹ̀ ẹja ló ń wá kiri. Ẹ má rò pé èyí tó ń jẹ ewéko ò ní wàhálà o. Ẹ̀rù ló máa bà á, á fẹsẹ̀ tẹ oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo láti Ìdọ̀fìán títí dé Àjàṣẹ́-Ìpo, á fa wáyà iná já, tí ariwo bá sì dé bá a láàárín ọjà ó lè pa èèyàn ju èyí tó ń jẹ ẹran lọ.

Ẹnu kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà 112 ni kẹ́ ẹ pè, kí àjọ tó ń rí sí ìjàǹbá fi ẹnì kan ṣe olórí, kí ọlọ́pàá, Civil Defence, sójà láti bárékè Sobi, panápaná àti àwọn ọdẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni yẹn. Kí Rédíò Kwara máa tún un sọ ní gbogbo ìgbà, kí àwọn àfáà kéde ẹ̀ lórí sípíkà mọ́ṣáláṣí torí kò sí àdúgbò kan n'Ílọrin tí sípíkà yẹn ò dé, kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Nupe àti Ìbàrìbá. Voice note WhatsApp tí ò lórúkọ ẹni tó sọ ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́.

Tẹ́ ẹ bá wà nílé, ẹ wọ yàrá inú lọ́hùn-ún, nísàlẹ̀. Ẹ má sáré lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, torí orí T. rex máa bá fèrèsé òkè dọ́gba. Ẹni tó ní kéèyàn kàn dúró gbọin pé kò ní rí i, irọ́ ló ń pa, ojú ẹ̀ ń ríran dáadáa, imú ẹ̀ sì ń gbóòórùn láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kó ewúrẹ́ wọlé, tó bá jẹ́ ìgbà Iléyá, àgbò tẹ́ ẹ so mọ́ ẹnu géètì, ẹ tú u kíá. Odò ẹran Akerebiata àti ìsọ̀ àwọn alápatà ní Ìpàtà, kí wọ́n tì í, kí wọ́n fi omi ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò pátápátá, òórùn yẹn máa fà á wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lójú ọ̀nà, ẹ má sọ̀kalẹ̀, ẹ má fọn fèrè ọkọ̀. Ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ ò ní ohun tó bò wọ́n, ilé tó bá sún mọ́ wọn jù ni kí wọ́n yà sí, kí onílé sì ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ìbọn wá ńkọ́? Mo bọ̀wọ̀ fáwọn ọdẹ wa gan-an, àmọ́ kí wọ́n má yin ṣakabùlà sí i, ọta yẹn á kàn dá ọgbẹ́ sí i lára ni, ẹranko tó sì ti fara gbọgbẹ́ ló ń ṣọṣẹ́ jù. Lọ́dún 1932 ìjọba Ọsirélíà kó sójà pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta méjì àti ọta 10,000 lọ bá emu, ẹyẹ gíga tí kì í fò, tó ń jẹ oko àlìkámà wọn, àwọn ẹyẹ yẹn kàn pín sí ọ̀wọ́ kéékèèké wọ́n sá káàkiri ni, àwọn sójà padà sílé. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé ká má yìnbọn rárá. Ní Ohio l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2011 ọkùnrin kan ṣílẹ̀kùn fún ẹranko tó ń lọ bí 50, táígà àti kìnnìún pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ti iléèwé pa, wọ́n kọ ọ́ sórí pátákó iná ojú títì pé kí awakọ̀ má jáde nínú ọkọ̀. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn sí wọn, àmọ́ ẹranko ò pa ará ìlú kankan. Èmi fara mọ́ ọn. Tó bá ti wọ ìgboro, tí ilẹ̀ sì ń ṣú, kí sójà tó ní ìbọn gidi pa á. Tó bá ṣì wà nínú igbó, ẹ ní sùúrù.

Abẹ́rẹ́ oorun náà ò yá tó bí wọ́n ṣe rò. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó mú ẹranko, láàárín ìgbà yẹn á ti sáré lọ jìnnà, ìwọ̀n oògùn sì gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n ara ẹ̀ mu, tó bá kéré á bínú, tó bá pọ̀ èémí á dúró. Erin pàápàá, tó bá sùn tó fi àyà lélẹ̀, ó lè má rí èémí mí mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tètè yí i sí. Ta ló fẹ́ fọwọ́ yí tọ́ọ̀nù mẹ́jọ? Kí kíréènì ti wà nítòsí kí dókítà ẹranko tó yin abẹ́rẹ́ sí i.

Ohun tó máa ṣiṣẹ́ jù lójú tèmi ni tapólì, àní èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí tírélà yẹn. Ní gúúsù Áfíríkà ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi aṣọ líle ṣe ògiri méjì nínú igbó, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ á gbòòrò, àárín ẹ̀ á máa fún bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdí ẹ̀ á já sínú ọkọ̀. Ẹranko tó lágbára láti ya aṣọ yẹn ò ní gbìyànjú ẹ̀, torí kò rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ògiri ló pè é. Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe é: ẹ ri òpó irin mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ na wáyà láti òpó kan sí èkejì, ẹ fi tapólì kọ́ ọ, ẹ wá di ìsàlẹ̀ ẹ̀ mọ́ èèkàn kó má máa fẹ́ lẹ́lẹ́, kí ihò kankan má sì sí níbi tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé, torí ibi tó bá ti rí ìmọ́lẹ̀ ló máa forí sọ. Ẹ fi ewé àti ẹ̀ka igi bo ẹnu ọ̀nà. Ẹran ni kẹ́ ẹ gbé sí ìdí fún èyí tó ń jẹ ẹran, kí atẹ́gùn máa fẹ́ láti ibi ẹran lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, tó bá wá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn omi gan-an ti tó, ẹ ṣe é sí ẹ̀bá odò Àsà àbí Ọ̀yún níbi tẹ́ ẹ ti rí ipa ẹsẹ̀ ẹ̀. Tó bá ti wọlé, kí àwọn tó fara pamọ́ fa aṣọ kejì dí i lẹ́yìn, tó bá ti rìn síwájú, kí wọ́n tún fa ìkẹta.

Ibí yìí ni àwọn ọdẹ àti àwọn Fúlàní ti wúlò ju sójà lọ. Ọdẹ ló máa wo ipa ẹsẹ̀ tó sọ pé àárọ̀ yìí ló kọjá, kì í ṣe àná. Àwọn tó ń da màlúù ní gáà mọ bí èèyàn ṣe ń rìn lẹ́yìn ẹran ńlá láìsáré, tí ẹran á fi máa lọ síbi téèyàn fẹ́ láìjẹ́ pé ó bẹ̀rù. Kí wọ́n sanwó fún wọn lójoojúmọ́, kó má jẹ́ ìlérí.

Ó wá ku ẹyin. Ní Kòlóńbíà, erinmi mẹ́rin ni Pablo Escobar, ọ̀gá àwọn tó ń ta oògùn olóró, kó wọlé láàárín ọdún 1980 sí 1990, nígbà tó kú wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bí, ní báyìí wọ́n ti lé ní 150, ìjọba ń náwó tí kò tán. Erinmi sì nìyẹn, ọmọ kan ló ń bí lẹ́ẹ̀kan. Abo dáínósọ̀ kan lè yé ju ẹyin 20 lọ sójú ìtẹ́ kan. Ohun tó dáa fún wa ni pé ẹyin wọn ń pẹ́ kó tó pa, lọ́dún 2017 àwọn onímọ̀ ka ilà inú eyín ọmọ tó ṣì wà nínú ẹyin, wọ́n rí i pé irú kan lò tó oṣù mẹ́ta, òmíràn tó oṣù mẹ́fà. Àsìkò tẹ́ ẹ ní láti wá a nìyẹn. Ẹ wo abẹ́ igi kajú, etí odò tó ní iyanrìn, òkìtì ewé jíjẹrà, pàápàá lápá Òmù-Àrán, Òsì àti Èrúkú tí igbó ti ki. Ẹni tó bá rí i kó fi ẹ̀ka igi sàmì sí ọ̀nà kó sì pe 112, kó má gbé e o, ìyá ẹ̀ lè wà nítòsí. Owó ẹ̀bùn, ẹni tó fi ibẹ̀ hàn ni kí wọ́n fún, wọn ò gbọ́dọ̀ ra ẹyin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí wọ́n bá ń rà á ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín sẹ́yìnkùlé.

Àgbẹ̀ tí oko ẹ̀ bàjẹ́, kí wọ́n san tiẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, torí tó bá pẹ́ á fi májèlé sínú òkú ẹran, ajá á jẹ ẹ́, igún á jẹ ẹ́, á ṣàn wọ odò táwọn èèyàn ń pọn mu. Kí ìjọba má sì tètè sọ pé káwọn ará oko máa padà lọ. Látọjọ́ tí wọ́n bá mú abo tó kẹ́yìn, kí wọ́n ka oṣù mẹ́fà gbáko, kí ọdẹ máa yí oko ká ní gbogbo àsìkò yẹn, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ṣí ọ̀nà oko.