Ẹ Má Tíì Tú Káábù

Ọ̀kadà Boxer tí mò ń gùn yìí ti lé ní ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ mi. Arámọkọ ní Èkìtì ni mò ń gbé, oko mi wà lọ́nà Ìtawùrẹ́, mo sì máa ń fi í ru iṣu gun òkè Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ ọjà. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan tí kò tó ₦200 di nǹkan bíi ₦500, ìgbà yẹn ni mo tó fura pé ọ̀kadà yìí ń jẹ mí run. Mo gbé e lọ fún mẹkáníìkì. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tó ti tú káábù, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́. Ó fọ̀ ọ́, ó gbowó. Lọ́sẹ̀ kejì, a ra káábù tuntun. Epo ṣì ń lọ bí omi.

Àṣé bíréèkì ẹ̀yìn ló di táyà mú.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ rọ epo kún táńkì, ẹ wo mítà, ẹ gùn ún fún ọjọ́ mẹ́ta bí ẹ ṣe ń gùn ún tẹ́lẹ̀, kí ẹ padà sílé epo kan náà láti rọ ọ́ dé ibi tó dé lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ wá fi iye lítà tó wọlé pín kìlómítà tí ẹ rìn. Tí ẹ bá rin 120, tí lítà 3 sì wọlé, 40 ni lítà kan ń gbé yín. Mítà tèmi ti kú tipẹ́, fóònù ni mo fi ń wọn ọ̀nà. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n lẹ́yìn àtúnṣe o. Ẹni tó gun òkè Ẹ̀fọ̀n lánàá kò lè fi wé títì Adó lónìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dúró kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú jíà, kí ẹ fọwọ́ yí táyà. Ó yẹ kó yí geregere. Tó bá yí díẹ̀ tó dúró gbagi, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ọ̀pá bíréèkì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì rí i pé bíréèkì ṣì ń mú. Tèmi kò gbọ́ ìyẹn. Ẹrẹ̀ ọ̀nà oko ti gan mọ́ inú họ́ọ̀bù, bíréèkì kì í padà tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò. A tú u, a fọ̀ ọ́, a fi gíríìsì tín-ín-rín sí ibi tí irin tó ń ṣí bíréèkì ti ń yí. Gíríìsì kò gbọdọ̀ kan ojú bíréèkì rárá, ẹ̀mí yín ni! Láti kìlómítà 31, ó di 42 lórí lítà kan.

Ṣéènì tó gbẹ tàbí tó le jù ń jẹ epo bákan náà: ẹ fi ọ́ìlì sí i, kó sì máa mì ní nǹkan bíi ìwọ̀n ìka méjì. Táyà tó rọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló kàn. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa wa máa ń dí fílítà. Tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ kán ọ́ìlì sí i kí ẹ sì fún un. Ẹ má fi omi kan èyí tó jẹ́ bébà. Ẹ gbọ̀n ọ́n tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá yọ púlọ́ọ̀gì. Tó bá pọ́n bí èèpo ẹ̀pà, ó dára. Tó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo tó ń wọlé ti pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́. Ẹ wò ó bóyá ṣóòkù, èyí tí a ń fà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, ti há, ó wọ́pọ̀ lára ọ̀kadà àtijọ́. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ káábù ti wọlé, pàápàá tí òórùn epo bá ń jáde níbi tí ẹ gbé e sí. Kí ẹnikẹ́ni tó tún súkúrúù rẹ̀ ṣe, ẹ yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi dúró, ẹ ka iye ìyípo rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè dá a padà síbi tó wà.

Tí ẹ́ńjìnì bá ń ké lórí òkè tí ọ̀kadà kò sì lọ, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ. Tí èéfín aláwọ̀ aró bá ń jáde ní sàláńsà, ríìngì ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ lọ tọ́jú owó.