Bí A Ṣe Ń Tọ Èèrà Káfíńtà Dé Ọ̀dọ̀ Ayaba

Bí ìyẹ̀fun pákó bá ń dà sílẹ̀ lábẹ́ férémù fèrèsé, ẹ má tíì dá ikán lẹ́bi. Ikán ń jẹ igi, ó sì ń fi amọ̀ bo ọ̀nà rẹ̀. Èèrà káfíńtà kì í jẹ ẹ́. Ó ń gbẹ́ ẹ láti fi ṣe yàrá ni, inú ihò rẹ̀ sì máa ń dán, láìsí amọ̀.

Ní ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tàbí ilé tí páànù rẹ̀ ń jò ní Ṣómólú, ibi tí omi ti ń rin igi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: àjà, ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀, ẹsẹ̀ férémù ilẹ̀kùn.

Ayaba ló ń dá ilé sílẹ̀. Bí akọ bá ti gùn ún tán, akọ á kú, òun á já ìyẹ́ rẹ̀ dànù, á wọ pàlàpálá igi, á sì dí ẹnu ihò náà pa. Kò ní jáde wá oúnjẹ. Ọ̀rá ara rẹ̀ àti iṣan tó fi ń fò ló ń yọ́ bọ́ ìdin, ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ àkọ́bí fi ń kéré gan-an. Òṣìṣẹ́ olórí ńlá, tó ń ṣọ́ ilé, ẹ̀yìn ni wọ́n ń dé. Ilé èèrà tó ti gbó ló ń bí abìyẹ́, èèrà tó ń fò. Bí abìyẹ́ bá ń tú jáde láti inú ògiri, wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀. Ìyẹ́ iwájú wọn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Ti èsúnsún dọ́gba.

Alẹ́ ni wọ́n ń jẹ̀ jù. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù pupa bo tọ́ọ̀ṣì, torí èèrà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí pupa, kí ẹ kán oyin sójú ọ̀nà wọn. Èyí tí ikùn rẹ̀ wú, ilé ló ń lọ: òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ gé ẹ̀ka mángòrò tó bá kan òrùlé, afárá wọn ni.

Ẹ má fín oògùn sí wọn lójú ọ̀nà. Díẹ̀ nínú wọn ló ń jáde, ọwọ́ kò ní tẹ ayaba. Ẹ po ìdajì ṣíbí tíì boric acid, ìyẹ̀fun tó ń pa kòkòrò (bíi gíráàmù 2), àti ṣíbí tíì ṣúgà 5 sínú omi gbígbóná mílílítà 200. Ẹ rẹ òwú sínú rẹ̀, ẹ gbé e sínú ìdérí ìgò níbi tí ọmọdé àti ajá kò lè dé. Bí boric acid bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n á kú kí wọ́n tó fi ẹnu pín in nílé. Ooru máa ń tètè gbẹ òwú, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá la igi tí ẹ kò rí ẹyin, àfi ọmọ inú ìdì (ìdin tó ti wé ara rẹ̀) nìkan, ẹ̀ka ilé nìyẹn. Ibòmíràn tí omi ti rin igi jù ni ayaba wà. Ẹ wá a kàn kí ẹ tó pe káfíńtà, ẹ sì dí ibi tó ń jò kí ẹ tó fi igi tuntun sí i.