Ṣúgà tó dé lójijì, ara tó ń rù: bí ẹ ṣe máa bi dókítà léèrè nípa pánkíríásì

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Kubwa, Àbújá. Ará wa pọ̀ nínú àwọn tó ń wá gba oògùn ṣúgà lọ́dọ̀ wa: àwọn tí òbí wọn ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà lọ ṣòwò ní Jos àti Kánò, àwọn télọ̀, àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò ní Zuba, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé jẹjẹrẹ pánkíríásì, ìyẹn ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, pa ẹnì kan, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé ṣúgà máa ń di jẹjẹrẹ ni?"

Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni kò ní ní jẹjẹrẹ yìí títí ayé wọn. Ẹni tó ti ń bá ṣúgà fínra láti ọdún 10 sẹ́yìn, tí oògùn ń ràn án, tí ìwọ̀n ara rẹ̀ dúró sójú kan, ewu tirẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì ti ẹni tí kò ní ṣúgà, àrùn tí kò sì wọ́pọ̀ ni à ń sọ yìí. Kó máa lo oògùn rẹ̀, kó fọkàn balẹ̀.

Àwọn méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Ìkínní ni ẹni tó ti lé ní ọdún 50, tí kò ní ṣúgà rí, tí kò sanra, tí wọn kì í ní in nílé wọn, tí àyẹ̀wò wá sọ lójijì pé ṣúgà rẹ̀ ti ga. Ìkejì ni ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti gbọ́ràn sí oògùn lẹ́nu láti ìgbà pípẹ́, tó wá ṣàdédé ń fò sókè, bẹ́ẹ̀ kò yí oúnjẹ padà, kò sì pa oògùn jẹ. Bí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì bá tún ń rù láìgbààwẹ̀, láìdín oúnjẹ kù, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ìdí rèé. Ẹ̀yìn àpò ìjẹun ni pánkíríásì wà, ó fẹ̀rẹ̀ẹ́ fara ti egungun ẹ̀yìn, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15. Òun ló ń ṣe ínsúlínì tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń ṣe omi tó ń yọ́ ọ̀rá inú oúnjẹ. Bí jẹjẹrẹ bá bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, kódà nígbà tó ṣì kéré, ó lè da iṣẹ́ ínsúlínì rú: ara ò ní gbọ́ ti ínsúlínì mọ́, agbára pánkíríásì láti ṣe é náà á máa dín kù, ṣúgà á wá ga. Èyí lè ṣẹlẹ̀ ní oṣù mélòó kan, nígbà mìíràn ní ọdún méjì sí mẹ́ta, kí ẹyinjú tó di yẹ́lò tàbí kí inú tó máa dun ẹni. Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ṣúgà kọ́ ló bí jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ló bí ṣúgà. Àwọn kan wà tí ṣúgà wọn wálẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gé jẹjẹrẹ náà kúrò.

Àwọn dókítà Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tó lé ní 2,000 wò, àwọn tí ṣúgà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú lẹ́yìn ọdún 50, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ pánkíríásì lára rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹ kà á dáadáa: àwọn 99 yòókù kò ní in. Nítorí ẹnì kan yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí, torí pé nínú 100 tí wọ́n bá rí àrùn náà lára wọn, 15 sí 20 péré ni wọ́n máa ń bá nígbà tí iṣẹ́ abẹ ṣì lè gé e kúrò.

Ìwé kékeré àti òṣùwọ̀n

Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, kílò, ṣúgà òwúrọ̀. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí ẹ máa lò nígbà gbogbo, torí ti ilé oògùn àdúgbò àti ti ọsibítù lè má dọ́gba. Ẹ gùn ún láàárọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó jẹun, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n nílé, ẹ wo ihò bẹ́líìtì tí ẹ ń lò, òrùka tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ṣòkòtò tí ẹ ní láti gbé padà fún télọ̀ kó fún un. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n yín bá lọ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, tí ẹ kò sì wá bó ṣe máa lọ, ó ti tó ohun tí à ń gbé lọ bá dókítà. Ẹni tó jẹ́ kílò 80, kílò 4 nìyẹn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú, torí ohun tó ń mú èèyàn rù pọ̀. Ṣúgà tó ga fúnra rẹ̀ lè mú yín rù, nítorí pé ẹ ń tọ̀ ọ́ dànù. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá ti mú ṣúgà wálẹ̀, ó yẹ kí rírù náà dúró láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ṣúgà bá ti wálẹ̀ tí kílò ṣì ń lọ, ẹ padà sí ọsibítù, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Àwọn oògùn ṣúgà kan náà máa ń mú èèyàn fọn, nítorí náà ẹ béèrè bóyá tiyín wà lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ààwẹ̀ Ramadan, ẹ gun òṣùwọ̀n kí ààwẹ̀ tó wọlé àti lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Bí oṣù méjì bá kọjá lẹ́yìn ọdún tí ìwọ̀n yín ṣì ń lọ sílẹ̀, ẹ má di ẹ̀bi náà ru ààwẹ̀ mọ́.

Ohun tó máa ń ká mi lára jù ni ìyìn. Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ fún àwọn alátọ̀gbẹ pé kí wọ́n dín sísanra kù. Nítorí náà, bí bàbá kan bá wọlé tí kílò mẹ́fà ti lọ lára rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á kí i kú oríire, àwọn ọmọ á ní, "Dádì, ẹ ti di ọ̀dọ́ padà o!" Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ṣe tó fi fọn, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú nìyẹn. Ẹni tó ń rìn láràárọ̀, tó dín tuwo àti masa kù, tó fi mínírà sílẹ̀ pátápátá, ó mọ ohun tó mú òun fọn. Ẹni tó ń jẹ bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀ tí ara rẹ̀ ń lọ kò mọ̀ ọ́n, ẹ má sì ṣe bá a yọ̀ kí dókítà tó rí i.

Àwọn àmì tí à ń pè ní nǹkan mìíràn

Ìrora àárín ikùn lókè tó ń wọ ẹ̀yìn lọ, tó ń le sí i bí ẹ bá dùbúlẹ̀ gbalaja, tó ń rọlẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ síwájú: ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ọ́lsà ni, wọ́n á máa ra oògùn rẹ̀ láti kẹ́míìsì kan dé èkejì fún oṣù gbọọrọ. Ìgbẹ́ tó ń yọ ọ̀rá, tó ń léfòó, tí omi kì í lè gbé lọ. Oúnjẹ tó kàn ń súni. Ẹsẹ̀ kan tó wú lójijì tó sì ń dunni, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la ni kí ẹyinjú di yẹ́lò, kí ìtọ̀ dúdú bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí, kí ìgbẹ́ funfun, kí ara máa yún yín. Ẹ wo ẹyinjú nínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́, kì í ṣe lábẹ́ iná. Ibà pọ́njú ni wọ́n máa pè é fún yín, wọ́n á sì gbé agbo wá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí agbo, ṣùgbọ́n bí ohun kan bá dí ojú ọ̀nà tí òróòro ń gbà, agbo kò lè ṣí i. Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Ohun tí ẹ máa sọ, àti àyẹ̀wò tí ẹ máa béèrè

Kí ẹ tó lọ, ẹ wá àbájáde àyẹ̀wò àtijọ́. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ wo ìwé àyẹ̀wò tí ẹ ṣe níbi iṣẹ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ tàbí tó bímọ ní ọsibítù náà lè ní àkọsílẹ̀ níbẹ̀. Bí ṣúgà yín bá dára lọ́dún tó kọjá, tó wá ga gidi lọ́dún yìí, dókítà gbọ́dọ̀ rí i. Ṣúgà òwúrọ̀ tí a kò tíì jẹun, bó bá tó 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí HbA1c (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn) tó tó 6.5%, tí àyẹ̀wò kejì sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ni.

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé "ara mi ò yá." Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni ọdún 58 ni mí. Oṣù kẹta ni wọ́n rí ṣúgà lára mi. Lọ́dún tó kọjá kò sí níbẹ̀, èsì rẹ̀ rèé. Kílò márùn-ún ti lọ lára mi, mi ò sì dín oúnjẹ kù. Ǹjẹ́ kò yẹ ká wo pánkíríásì mi?" Ní Kánò tàbí Zaria, bó bá jẹ́ Hausa nìkan ni ẹni tó ń tọ́jú yín gbọ́, ẹ sọ "ciwon suga", kí ẹ sì fi "na rame" tì í, á yé e pé ẹ ti rù. Bí bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá yín bá ní àrùn yìí rí, bí ẹ bá ń mu sìgá, bí pánkíríásì yín bá ti wú rí, ẹ fi kún un.

Ẹ̀rọ skáànì lásán tí wọ́n ń fi wo oyún lè má rí pánkíríásì, torí afẹ́fẹ́ inú ìfun máa ń bò ó. Bí wọ́n bá ṣe é tí wọ́n ní kò sí nǹkan, tí ẹ sì ń rù síbẹ̀, ẹ béèrè CT, ìyẹn skáànì ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, èyí tí wọ́n ń gún oògùn sí iṣan fún, èyí tí wọ́n dìídì ṣètò fún pánkíríásì. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ kíndìnrín yín wò. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ń lo metformin. Bí kíndìnrín bá ti ń rẹ̀, wọ́n lè ní kí ẹ dá a dúró fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má fúnra yín dá oògùn ṣúgà kankan dúró.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má sáré lọ sí láàbù lọ ná owó lórí CA 19-9, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá àmì jẹjẹrẹ yìí. Òkúta inú àpò òróòro lè mú un ga, àwọn èèyàn kan sì wà tí ara wọn kì í ṣe é rárá, tí jẹjẹrẹ bá tilẹ̀ wà. Dókítà ló mọ ìgbà tó wúlò.

L'Àbújá, National Hospital wà, ọsibítù ẹ̀kọ́ Yunifásítì Àbújá sì wà ní Gwagwalada. Ẹ̀yin tí ẹ wà lápá àríwá sí i, ọsibítù ẹ̀kọ́ Ahmadu Bello wà ní Shika, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zaria, àti Aminu Kano ní Kánò. Bí ẹ bá ń lo NHIA, ìbánigbófò ìlera ìjọba, ọsibítù tí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí ló máa kọ̀wé rán yín lọ. Ẹ gba kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ HMO, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìbánigbófò yín, kí ẹ tó wọ mọ́tò, torí wọ́n lè dá yín padà láìsí i.

Bí CT bá mọ́, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n wá ohun tó ń mú yín rù: ikọ́ ife, HIV, ẹṣẹ́ inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid tó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má ju ìwé kékeré yẹn nù títí ọdún mẹ́ta á fi pé láti ọjọ́ tí ṣúgà ti yọjú. Bí wọ́n bá rí nǹkan, dókítà oníṣẹ́ abẹ tó mọ pánkíríásì dunjú ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bi í bóyá ó ṣeé gé. Ẹ béèrè oògùn tó ń mú kí oúnjẹ dà pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ń rù nítorí pé oúnjẹ tí wọ́n jẹ kò dà.

Ẹ̀yin ọmọ tí òbí yín ń dá gbé ní Jos tàbí Kàdúná tí ẹ̀yin wà l'Àbújá, bí ẹ bá ti kí wọn tán lórí fóònù, ẹ béèrè iye kílò tí wọ́n jẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ní kí aládùúgbò kan bá yín ya fọ́tò gbogbo èsì àyẹ̀wò wọn, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù tiyín, kó lè wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí dókítà bá béèrè rẹ̀.